Ọgbà Kan, Orúkọ Mẹ́ta: Ohun Tí A Kò Tíì Kọ Nípa Freedom Park



Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé wa ọjọ́sí, ọ̀kan nínú wa dìde, ó ka ewì kan fún wa nípa Freedom Park tó wà ní Broad Street l'Ékòó. Inú ń bí ewì náà gan-an. Ó ní àwọn èèyàn ń mu bíà, wọ́n ń jẹ ẹja yíyan, wọ́n ń jó, lórí ilẹ̀ tí ìjọba ti yẹgi fún ọmọ èèyàn rí. Ó ní àwọn òkú ibẹ̀ ń bínú. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, torí ewì náà dùn létí, àwítúnwí inú rẹ̀ ń dún bí ìlù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé hóstẹ́ẹ̀lì tí mo dùbúlẹ̀, oorun ò wá. Mo ń bi ara mi pé: ṣé àwọn òkú ló ń bínú, àbí àwa la ń bá wọn bínú láìjẹ́ pé wọ́n rán wa níṣẹ́?

Mo sọ fún olóòtú pé màá fèsì. Ó ní kí n má fèsì lófìfo, kí n kọ́kọ́ lọ fojú ara mi wo ibẹ̀ kí n tó gbé bírò. Ó tọ̀nà. Mo lọ, mo sì dé. Lámèyítọ́ ni mo fẹ́ ṣe síbí, kì í ṣe ìròyìn ìrìn-àjò. Ọgbà ìrántí dà bí ewì. Ẹnìkan ló jókòó rò ó, ó yan ohun tó máa wọ inú rẹ̀, ó yan ohun tó máa wà níta. Nítorí náà, a lè kà á bí a ṣe ń ka ewì, a sì lè bá a wíjọ́.

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ, èmi àti bàbá mi. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni mí, bí ẹ ò bá tíì mọ̀. Bàbá mi fi ogún ọdún ó lé díẹ̀ ja ẹrù ní wáàfù Àpápá, kí orúnkún tó ní kó sinmi. Dánfó tí a wọ̀ gba Wharf Road. Ẹni tó mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí èèyàn ń ṣe fàájì lọ. Òun ló já sí èbúté tí ọkọ̀ òkun ti ń gúnlẹ̀ láti ọdún 1926. Àlìkámà tí wọ́n fi ṣe búrẹ́dì tí ẹ jẹ láàárọ̀, bóyá ibẹ̀ ló gbà wọlé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni tírélà fi tò síbẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, tí awakọ̀ ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, tó ń sè é, tó ń jẹ ẹ́ níbẹ̀, tó ń fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan dúró kí ẹrù kan tó wọlé. Ní ọdún 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kankéré tún ọ̀nà náà ṣe. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2021, wọ́n gbé ètò kan dé, Ètò náà ni wọ́n sì sọ ọ́, pé kí tírélà gba àyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó máa bọ̀ ní wáàfù.

Bí a ṣe ń lọ, a dé ibì kan, bàbá mi ṣí fìlà. Ó gbé e lé orúnkún, ọkọ̀ kọjá ibẹ̀ tán, ó dé e padà. Láti kékeré ni mo ti ń rí i tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń rò pé ooru ni. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fìlà yẹn wà nílẹ̀ ná, màá padà sí i.

A gba Ìjọra, a gun Afárá Èkó, a bọ́ọ́lẹ̀ ní CMS, a fẹsẹ̀ rìn lọ sí Broad Street.

Fún àwọn tí ò tíì débẹ̀ rí, ìtàn ibẹ̀ rèé ní ṣókí. Ní ọdún 1882, ìjọba amúnisìn kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n síbẹ̀. Ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀, òrùlé rẹ̀ jẹ́ koríko. Àwọn tó kórìíra ìjọba ń sọ iná sí i, iná sì ń jó o. Ní 1885, ìjọba kó bíríkì láti Ìlú Ọba, wọ́n fi tún un kọ́. Ọgbà ẹ̀wọ̀n yìí wà níbẹ̀ títí Òyìnbó fi lọ, ó tún wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí Òyìnbó lọ. Ọdún 1979 ni wọ́n tó wó o. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ náà di ààtàn. Ayàwòrán ilé kan, Theo Lawson, ló rò ó pé ilẹ̀ yẹn lè wúlò fún ìrántí, wọ́n sì ṣí ọgbà tuntun náà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún tó gba òmìnira.

Bí mo ṣe ń ka ìtàn yìí sétí bàbá mi lórí fóònù, ó dá mi dúró níbi ọ̀rọ̀ bíríkì. Ó ní, "Ta ló já a?"

Mo ní, "Kí ni, Bàbá?"

Ó ní, "Bíríkì. Bíríkì ò lẹ́sẹ̀. Bó bá ti Ìlú Ọba wá, ẹnìkan ló já a látinú ọkọ̀, ẹnìkan ló rù ú débí. Ta ni?"

Mi ò ní èsì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ni mo fi ka gbogbo ọgbà náà láti ìgbà yẹn lọ, ẹ ó sì rí ibi tó gbé mi dé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó dára, torí ó pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ògiri. Wọn ò wó ògiri àtijọ́ dànù tán. Ó ṣì yí ibẹ̀ ká, ẹni tó bá wọlé máa mọ̀ lára pé òun wọ inú nǹkan. Èyí ṣe pàtàkì lójú tèmi, nítorí èdè wa. Ẹ wò ó: ọgbà ẹ̀wọ̀n, ọgbà òdòdó, ọgbà ẹranko. Ibi tí àwa náà ti ń kàwé yìí, ọgbà yunifásítì ni. Ohun tí wọ́n bá ti sọgbà yí ká, ọgbà ni. Àwọn tó sọ ibẹ̀ lórúkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì ní láti wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní ti Yorùbá, ọgbà ló jẹ́ ní 1885, ọgbà ló jẹ́ lónìí. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló yí padà. Bí wọ́n bá ti wó ògiri yẹn kanlẹ̀, à bá ní pápá tó lẹ́wà, ṣùgbọ́n a ò ní rí ohun tí òmìnira jẹ́ òmìnira kúrò nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọgbà yìí kì í ṣe eré lójú ọmọ Ajégúnlẹ̀. Ní àdúgbò wa, ọgbà ẹ̀wọ̀n ò tíì di ìtàn. Kìríkìrì tí wọ́n kọ́ ní 1955 ò jìnnà sí wa, èèyàn ṣì wà nínú rẹ̀ lónìí. Nígbà tí mo rí àwọn ọmọdé tó ń sáré kiri lórí koríko ní Broad Street, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé: ṣé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn ọmọ yóò sáré báyìí ní Kìríkìrì? Ọgbà tó bá lè mú kí èèyàn bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ìkejì ni ìtàgé. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn gan-an ni wọ́n gbé ìtàgé ńlá kalẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni àwọn olórin ń dúró sí, ibẹ̀ ni àwọn òṣèré ń dúró sí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń fi ọgbà yìí ṣe Lagos Book and Art Festival, nítorí náà àwọn òǹkọ̀wé bíi tiwa náà ti sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ náà. Lójú tèmi, ìlà tó dára jù nínú gbogbo ewì ọgbà yìí nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti ń pa ohùn mọ́ èèyàn lọ́nà ọ̀fun, ibẹ̀ náà ni ohùn ti ń jáde. Wọn ò sì kígbe rẹ̀. Ẹni tí ò mọ ìtàn yóò jókòó síbẹ̀, yóò gbádùn orin rẹ̀, yóò lọ sílé. Ẹni tó mọ̀ ọ́n, ara rẹ̀ á bù máṣọ.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ bíà àti ẹja. Akéwì wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, mo ní ọ̀rọ̀ láti gbà fún yín kí n tó bá yín jà. Ẹnìkan lè sọ pé kí lẹ ń wí, ṣebí Yorùbá ń fi àsè sin òkú? Èsì yẹn ò tó. Òkú àgbà la ń fi ijó àti ọtí sin. Ẹni tó kú lọ́dọ̀ọ́, ẹni tí wọ́n pa, òkú ọ̀fọ̀ ni, a kì í se ìrẹsì sí i. Ẹni tí wọ́n yẹgi fún ní Broad Street, òkú ọ̀fọ̀ ni. Nítorí náà, ìbínú inú ewì yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nínú àṣà wa, mi ò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ tì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà níbẹ̀ kí bíà tó dé. Láti 1979 sí 2010, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún, kò sẹ́ni tó mu ọtí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó jó. Kò sì sẹ́ni tó sunkún níbẹ̀. Ààtàn ni. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn kì í ṣe ọ̀wọ̀, ìgbàgbé ni. Ohun tó mú ẹsẹ̀ èèyàn padà síbẹ̀ ni oúnjẹ, orin àti igi tó ní ibòji. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Mo jókòó, mo ń wo àwọn tó jókòó pẹ̀lú ìgò lórí tábìlì. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Báwo ni akéwì wa ṣe mọ̀ pé nínú gbogbo wọn, kò sí ọ̀kan tí bàbá bàbá rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀?

Ẹ fi wé ibòmíràn. Ní Tafawa Balewa Square, tí kò jìnnà síbẹ̀, àyè ìrántí wà fún àwọn ọmọ ogun tó kú nínú ogun àgbáyé méjèèjì àti ogun abẹ́lé Nàìjíríà. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìíní ni ọjọ́ ìrántí wọn. Ní Òkè-Afà, ní apá Ìsọlọ̀, òkúta ìrántí wà fún àwọn tó kú ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní ọdún 2002, nígbà tí àdó olóró bú gbàù ní bárékè Ìkẹjà. Àwọn èèyàn sá, ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n ò mọ̀ pé odò ló wà níwájú. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún èèyàn tó ṣòfò, ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Àwọn ẹbí ń pàdé níbẹ̀ ní àyájọ́ ọjọ́ náà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìdákẹ́jẹ́ Òkè-Afà. Àwọn tó sin ọmọ síbẹ̀ ṣì wà láàyè, omijé ṣì tutù. Ṣùgbọ́n ìrántí tó ní ọjọ́ kan lọ́dún àti ìrántí tí èèyàn ń bá pàdé ní ọjọ́ Sátidé lásán, méjèèjì ni ìlú nílò. Freedom Park jẹ́ irú kejì. Ẹ má fi òfin ti àkọ́kọ́ dá a lẹ́jọ́.

Ó ku ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun èmi fúnra mi. Ìbéèrè bàbá mi.

Nígbà tí mo padà dé hóstẹ́ẹ̀lì, mo kó gbogbo mágásíìnì wa àtijọ́ jáde, títí kan èyí tí fótókọ́pì rẹ̀ ti ṣá tí a ò fi bẹ́ẹ̀ rí kà mọ́. Ewì mẹ́rin ni mo rí nípa ọgbà yìí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dárúkọ Awólọ́wọ̀. Mẹ́ta dárúkọ Herbert Macaulay. Méjì dárúkọ Anthony Enahoro. Kò sí orúkọ kẹrin.

Mi ò ní kí a má dárúkọ wọn o. Ẹ̀wọ̀n ẹ̀ẹ̀mejì ni Macaulay lọ, ní 1913 àti 1928, òun náà ni ẹni tí à ń pè ní bàbá ìṣèlú Nàìjíríà. Enahoro jẹ́ ọ̀dọ́ olóòtú ìwé ìròyìn nígbà tí Òyìnbó sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní 1945 nítorí ohun tó tẹ̀ jáde. Ó lé ní ogún ọdún díẹ̀ ni, ẹgbẹ́ wa ni. Ní 1963 ni wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún Awólọ́wọ̀, wọ́n fi í sí Èkó kí wọ́n tó gbé e lọ sí Kàlàbá, ó sì jáde ní 1966. Ẹ tún ṣàkíyèsí pé ìjọba Òyìnbó kọ́ ló jù ú sẹ́wọ̀n, ìjọba tiwa ni. Kò sí èyí tó sọ bẹ́ẹ̀ nínú ewì wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí jáde. Wọ́n jáde, wọ́n di ẹni ńlá, wọ́n ní òpópónà, wọ́n ní ère, orí owó ni Macaulay àti Awólọ́wọ̀ wà. Àwọn tí a so kọ́ sí ibi tí ìtàgé wà lónìí ò jáde. Wọ́n ní orúkọ. Ìyá kan sọ wọ́n lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n fi omi àti oyin tọ́ wọn lẹ́nu wò. Nínú ewì wa, wọ́n di "àwọn òkú", wọ́n wọ́ pọ̀ bí ìdì igi. A ní wọ́n ń bínú, a ò tilẹ̀ mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Èyí ni ẹjọ́ tí mo bá ewì yẹn ṣe, ẹjọ́ kan náà ni mo sì bá gbogbo wa ṣe, èmi náà kún un. Ẹni tó ń mu bíà ò ṣe wọ́n ní ibi tó tó èyí tí àwa tí a ń kọ̀wé ṣe wọ́n.

Ẹnìkan lè ní: bí wọ́n bá jẹ́ apànìyàn ńkọ́? Bóyá àwọn kan jẹ́ apànìyàn. Bóyá àwọn kan ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìrántí kì í ṣe oríkì. Mi ò ní ká kì wọ́n, mo ní ká mọ̀ wọ́n. Ilé Ìpamọ́ Ìwé ti Ìjọba Àpapọ̀ wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ìwé ìròyìn àtijọ́ wà níbẹ̀. Ìròyìn ẹjọ́ kì í wọ́n nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni kan nínú wa tó bá fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó síbẹ̀ nígbà ìsinmi, tó wá orúkọ kan ṣoṣo rí, tó kọ ewì lé e lórí, iṣẹ́ onítọ̀hún á ju gbogbo ẹkún wa lọ.

Ní báyìí, fìlà bàbá mi.

Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ nígbà tí a ń padà bọ̀. Ọkọ̀ tún dé ibẹ̀ yẹn ní Wharf Road, ó tún ṣí fìlà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bi í. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ó wá ní ibẹ̀ ni kọ̀ńténà ti já láti orí tírélà lu ọ̀rẹ́ òun. Wọ́n jọ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ni. Òun ṣáájú pẹ̀lú ìṣísẹ̀ mélòó kan, torí òun fẹ́ lọ ra ẹ̀pà. Ó ní títí di òní, òun kì í jẹ ẹ̀pà.

Mo wo ibẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ọ̀nà ni, kankéré ni, tírélà ń kọjá. Kò sí òkúta, kò sí òdòdó, kò sí pátákó. Ọgbà ìrántí ọkùnrin yẹn ò ju fìlà bàbá mi lọ, bí bàbá mi bá sì papò dà, ó parí nìyẹn. Mélòó ni irú rẹ̀ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà yẹn nìkan? Àwọn tó ja bíríkì, àwọn tó ja sìmẹ́ńtì, àwọn tó ń sùn sábẹ́ tírélà. Ajé gúnlẹ̀ síbẹ̀ lóòótọ́, àwọn tó gbé e gúnlẹ̀ ló ti pòórá.

Mo sọ fún bàbá mi pé mo fẹ́ kọ orúkọ ọ̀rẹ́ wọn sínú ìwé ẹgbẹ́ wa. Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé ìwọ lo ni orúkọ náà ni? Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Boundary. Lọ kí wọn kọ́kọ́. Bí wọ́n bá ní kí o kọ ọ́, kọ ọ́."

Òun ló jẹ́ kí n mọ ohun tí ewì wa ò ní, tí ewì tèmi náà ò ní. A fẹ́ sunkún lórí òkú kí a tó kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé náà ló yẹ ká wò ká tó kọ orúkọ òkú sílẹ̀.

Nítorí náà, ìdájọ́ mi rèé. Freedom Park dára, ó ju bí a ṣe ń kọ ọ́ lọ. Ẹ lọ síbẹ̀. Bí ebi bá ń pa yín, ẹ jẹun. Bí wọ́n bá ń kọrin, ẹ gbọ́ orin. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dìde kúrò níwájú ìtàgé yẹn, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè bàbá mi: ta ni? Akéwì wa, ẹ má ya ewì yẹn dànù. Ẹ tún un kọ, ẹ yọ àwọn tó ń jẹ ẹja kúrò nínú rẹ̀, ẹ fi ẹnìkan ṣoṣo tó ní orúkọ sí i.

Èmi náà, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá lọ sí Boundary. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá gbà, ẹ ó rí orúkọ náà nínú ìtẹ̀jáde wa tó ń bọ̀. Bí wọn ò bá gbà, ẹ ó bá àyè òfìfo kan níbẹ̀, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀.